Àwọn Àgbà Ibùdókọ̀

Kò sí ẹni tí Abọ́sẹ̀dé kì í kí. Tí ó bá ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé wọn ní Barnfield Estate, ní Woolwich, á kí gbogbo ẹni tó bá pàdé, títí kan àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó fi fìlà bojú torí pé wọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí àwọn. Tí ó bá dé ibùdókọ̀ tó kọjú sí bárékè àwọn sójà, á kí àwọn tó wà lórí ìlà lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ajá bá wà lọ́wọ́ ẹnì kan, á kí ajá náà. Iṣẹ́ títọ́jú àwọn arúgbó nílé wọn ló ń ṣe ní agbègbè Thamesmead, àwọn arúgbó náà sì fẹ́ràn rẹ̀, nítorí pé kí ó tó bọ́ kóòtù rẹ̀ tán, á ti béèrè oorun wọn, ẹsẹ̀ wọn, ọmọ wọn tó wà ní Kánádà àti ológbò wọn.

Ẹnì kan ṣoṣo tí ìkíni yìí kò ràn ni ọmọbìnrin rẹ̀, Fẹ́rànmí. Woolwich ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ló dàgbà sí. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ó sì ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n "o" ló ń pe gbogbo ayé. "O" ni ìyá rẹ̀, "o" ni bàbá rẹ̀. Nígbà tó wà ní kékeré, Wòlíì ìjọ wọn, bàbá arúgbó kan tí àwọn ọkùnrin máa ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún, gbé ọwọ́ lé e lórí lẹ́yìn ìsìn. Fẹ́rànmí gbójú sókè, ó ní, "Wòlíì, ṣé o ti jẹun?" Gbogbo ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Wòlíì náà rẹ́rìn-ín. Abọ́sẹ̀dé nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó fa ọmọ náà létí jáde síta, kò sì tíì gbàgbé ọjọ́ náà.

Lẹ́yìn tí Fẹ́rànmí jáde yunifásítì, ó gba iṣẹ́ tíṣà ní ilẹ̀ Japan, láti máa kọ́ àwọn ọmọ iléèwé ní èdè Òyìnbó ní ìlú kékeré kan láàárín àwọn òkè. Ó ní ọdún kan ni. Ọdún kan di méjì. Nígbà tó yá, ó tún pè láti sọ pé òun ti gbà láti dúró sí i. Fọ́tò tó sì máa ń fi ránṣẹ́ kò ju ti odò kan lọ. Odò náà la àárín òkè já, àpáta dúró gágá lọ́tùn-ún lósì bí ògiri, omi ibẹ̀ sì ní àwọ̀ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá lórí rẹ̀. Ó rẹwà púpọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí èèyàn nínú fọ́tò kankan. Abọ́sẹ̀dé fi wọ́n han ìyá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá náà yẹ̀ wọ́n wò títí, ó wá béèrè bóyá kò sí èèyàn nílùú náà ni.

Ìbéèrè yẹn kò jẹ́ kí Abọ́sẹ̀dé gbádùn mọ́. Ọmọ tó ń dá gbé níbi tí kò ti sẹ́ni tó máa kí i, ta ni yóò mọ̀ bí ara rẹ̀ kò bá yá? Ó gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, ó ní òun ń lọ mú ọmọ òun wálé. Gbénró, ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ awakọ̀ bọ́ọ̀sì, ní Èkó nìkan ni òun lè torí rẹ̀ jókòó sínú òfuurufú. Ẹni tó bá fẹ́ kí òun fò kọjá ibẹ̀, kó dúró dìgbà tí òun bá kú. Sàídátù ló gbà láti bá a lọ. Sàídátù ń gbé ní ìsàlẹ̀ ilé wọn, ó ń ta aṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan nítòsí ọjà Woolwich, ó sì ti lọ sí Mẹ́kà, ìdí nìyẹn tí Abọ́sẹ̀dé fi ń pè é ní Àlùhájà. Ó ní ó pẹ́ tí òun ti ń wá orílẹ̀-èdè kan tí òun lè lọ, tí ẹnikẹ́ni ò ní rán òun ní nǹkan rà bọ̀.

Wọ́n wọ ọkọ̀ òfuurufú, wọ́n wọ rélùwéè tó ń sáré bí ọta ìbọn, wọ́n tún wá wọ rélùwéè kékeré kan tó ń rìn bí ẹni tó ń ronú. Fẹ́rànmí pàdé wọn níbi tí ìyẹn parí sí. Ó dì mọ́ ìyá rẹ̀, ó pẹ́ kó tó fi í sílẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, o ti sanra." Abọ́sẹ̀dé wo ojú Sàídátù. Sàídátù ń wo òkè.

Ilé Fẹ́rànmí kéré, ó mọ́ tónítóní, ìdákẹ́jẹ́ ibẹ̀ sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Abọ́sẹ̀dé fi ń gbọ́ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe ń gbé itọ́ mì. Fẹ́rànmí se oúnjẹ fún wọn, ó ṣàlàyé pé òun ní kíláàsì lọ́jọ́ kejì, kí wọ́n sinmi nílé, òun yóò mú wọn lọ sódò lọ́jọ́ tó bá tẹ̀ lé e.

"Má jáde o, Mọ́mì," ó ní. "Bọ́ọ̀sì ibí ò dà bíi ti Woolwich. Tí ọ̀kan bá ti lọ, ó ti lọ nìyẹn."

Abọ́sẹ̀dé ní òun ti gbọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tí Fẹ́rànmí ti lọ síbi iṣẹ́, òun àti Sàídátù jókòó, wọ́n ń wo ara wọn. Kò sí ìró tẹlifíṣọ̀n aládùúgbò, kò sí ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn. Nígbà tó yá, Abọ́sẹ̀dé ní ìsinmi yìí ti ń fún òun ní ẹ̀fọ́rí, kí àwọn kàn lọ yọjú sí odò náà kí àwọn sì padà. Sàídátù ti wọ bàtà kó tó sọ̀rọ̀ tán. Abọ́sẹ̀dé mú ọ̀rá ìpékeré kan nínú èyí tí wọ́n gbé wá láti London, torí ebi, wọ́n sì bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

Bọ́ọ̀sì kékeré kan dé. Awakọ̀ rẹ̀ wọ ìbọ̀wọ́ funfun, ó tẹrí ba fún wọn. Abọ́sẹ̀dé dá orúnkún. Awakọ̀ tún tẹrí ba. Abọ́sẹ̀dé tún dá orúnkún. Sàídátù ló ti ìyá Fẹ́rànmí wọlé, nítorí ó hàn gbangba pé kò sí èyí tó máa kọ́kọ́ ṣíwọ́ nínú àwọn méjèèjì.

Ọ̀nà náà há, ó ń lọ́ kiri lára òkè. Òkè tó ga jù tí Abọ́sẹ̀dé ń gùn ní London ni ti Lesnes Abbey, níbi tí ìjọ wọn máa ń lọ gbàdúrà sí nínú igbó, ó sì ti máa ń ráhùn nípa ìyẹn. Èyí kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ kan, àpáta. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì, òfo, àti odò aláwọ̀ ewé náà nísàlẹ̀ pátápátá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn gan-an ló ń dà á láàmú. Gbogbo ilé tí wọ́n ń kọjá ló ti fèrèsé pa. Kò sí aṣọ lórí okùn, kò sí ọmọdé lójú ọ̀nà. Ó béèrè lọ́wọ́ Sàídátù bóyá ó rí ẹnì kankan. Sàídátù ní òun ò tíì rí ewúrẹ́ pàápàá.

Bí wọ́n ṣe yí kọ́nà kan báyìí, Abọ́sẹ̀dé rí èèyàn. Àwọn àgbà mẹ́ta jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ibùdókọ̀ tó ní òrùlé. Nínú oko tó wà lẹ́yìn wọn, obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọkọ́ lọ́wọ́. Ọkùnrin kan dúró lórí àkàbà, ó ń tún òrùlé ṣe. Abọ́sẹ̀dé tẹ bẹ́ẹ̀lì.

Sàídátù bi í bóyá odò tí wọ́n ń lọ nìyẹn.

"Odò ò ní sá lọ," Abọ́sẹ̀dé dáhùn. "Èèyàn nìyẹn."

Bọ́ọ̀sì já wọn sílẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Abọ́sẹ̀dé tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì síwájú bẹ́ǹṣì náà. Ó kí àwọn àgbà náà káàárọ̀, ó kí wọn kú ìjókòó, ó kí wọn kú ọjọ́ mẹ́ta bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò rí ara wọn rí. Wọn ò dáhùn. Ó rò pé bóyá nítorí èdè ni, ó tún gbogbo rẹ̀ sọ lédè Òyìnbó. Wọn ò dáhùn síbẹ̀. Àwọn méjì tó wà lọ́wọ́ òsì, obìnrin kan àti ọkùnrin kan, ń wo iwájú wọn. Ẹni kẹta fi fìlà bojú, ó so ọwọ́ pọ̀ láyà, bí ẹni tó ń sùn.

Eékún ti ń dun Abọ́sẹ̀dé. Ó dìde, ó sọ fún Sàídátù pé òun ò mọ ohun tí wọ́n kọ́ àwọn èèyàn yìí nílé, pé ní Thamesmead, òun tọ́jú ìyá kan tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú lẹ́nu, síbẹ̀ ìyẹn máa ń mi orí. Ṣùgbọ́n kò fẹ́ bínú sí àgbà. Ó rọra gbé ọ̀rá ìpékeré lé itan ẹni tó ń sùn, kó lè rí i tó bá jí.

Sàídátù kò gbọ́ gbogbo èyí. Oníṣòwò aṣọ ni, kò sì lè rí aṣọ kó má fọwọ́ kàn án. Ó ti gbé báàgì rẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì, ó sì ń fi ìka méjì wo bí aṣọ obìnrin àkọ́kọ́ ṣe nípọn sí. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lójijì.

"Ìyá Fẹ́rànmí," ó ní, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Aṣọ yìí ò ní apá nínú."

Abọ́sẹ̀dé sún mọ́ ọn. Ó tẹjú mọ́ obìnrin náà. Aṣọ funfun ni ojú rẹ̀, tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ rán. Bọ́tìnì dúdú méjì ni ẹyinjú rẹ̀. Ọkùnrin tó jókòó tì í náà rí bẹ́ẹ̀; koríko gbígbẹ ló yọ lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀. Ó wo inú oko. Obìnrin tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọkọ́ ṣì wà níbi tó wà, ọkọ́ rẹ̀ kò tíì kan ilẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti dé. Ti orí àkàbà náà kò tíì mira.

Kò sẹ́ni tó pariwo nínú wọn. Sàídátù bẹ̀rẹ̀ Àyátúlì-Kúrísíyyù lábẹ́ ẹ̀mí, Abọ́sẹ̀dé bẹ̀rẹ̀ Sáàmù kọkànléláàdọ́rùn-ún, wọ́n sì ń fẹ̀yìn rìn díẹ̀díẹ̀ kúrò nídìí bẹ́ǹṣì, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ajá. Ìgbà náà ni ẹni kẹta gbé orí sókè. Ó ti fìlà sẹ́yìn, ó nu ojú, ó wo ìpékeré tó wà lórí itan rẹ̀, ó wá wò wọ́n.

Wọ́n sáré. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà níwájú wọn, ọ̀nà ẹsẹ̀ kan tó ń dà lọ sísàlẹ̀ sínú igi, wọ́n sì bá a lọ láìbéèrè ibi tó ń lọ. Ní ìsàlẹ̀, ọ̀nà náà parí sídìí afárá kan.

Odò inú fọ́tò tí wọ́n ń wá lọ gan-an ló wà lábẹ́ afárá náà, ṣùgbọ́n wọn ò ráyè mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìtàkùn ni wọ́n fi hun ún láti òkè dé ilẹ̀, ó rọ̀ dirodiro láàárín ògiri àpáta méjì. Igi tí wọ́n tò fún ẹsẹ̀ kò kan ara wọn. Bàtà lè wọ àárín wọn, odò sì ń hàn nísàlẹ̀ réré. Àwọn arìnrìn-àjò tó wà lórí rẹ̀ ń rìn bí aláboyún, wọ́n di ìtàkùn mú lọ́tùn-ún lósì, ọ̀kan nínú wọn ti dijú. Sàídátù dúró. Ó ní kí Ìyá Fẹ́rànmí máa lọ, òun ò gun nǹkan yìí, ibi tí òun bá kú sí náà nìyẹn.

Abọ́sẹ̀dé bojú wẹ̀yìn. Ọmọláńgidi náà ń bọ̀ lọ́nà ẹsẹ̀, ó ń yára, ó ń sọ èdè kan tí wọn ò gbọ́. Ó mú ìpékeré lọ́wọ́ kan. Ó mú báàgì kan lọ́wọ́ kejì.

"Àlùhájà, báàgì yín ló mú dání," ni Abọ́sẹ̀dé sọ.

Pásípọ́ọ̀tù Sàídátù wà nínú báàgì náà, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò dúró gbà á. Òun ló kọ́kọ́ gun afárá. Abọ́sẹ̀dé bọ́ bàtà rẹ̀ sílẹ̀. Aládùúrà ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ ilẹ̀ dáadáa. Bí àwọn ìyá méjèèjì ṣe ń sáré lórí ìtàkùn, afárá náà ń fì síhìn-ín sọ́hùn-ún, àwọn arìnrìn-àjò lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ láti yà fún wọn. Ẹni tó dijú lajú, ó rí obìnrin méjì tí wọ́n wọ àǹkárá tí wọ́n ń kọjá lọ fìrì pẹ̀lú àdúrà lẹ́nu, ó rò pé nǹkan ń jó, òun náà bá sáré tẹ̀ lé wọn. Bí wọ́n ṣe dé òdìkejì, àwọn tó dúró síbẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún wọn.

Abọ́sẹ̀dé di igi kan mú, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Nígbà tó yíjú padà, ẹni náà ti wà lórí afárá. Kò di nǹkan kan mú. Ó ń rìn lórí rẹ̀ bí ẹni tó ń lọ láti pálọ̀ sí kíṣìnnì, nítorí pé láti kékeré ló ti ń gbà á kọjá, bí wọ́n ṣe wá mọ̀ nígbà tó yá. Ó ti fi bàtà Abọ́sẹ̀dé kún ẹrù ọwọ́ rẹ̀. Ó dé ọ̀dọ̀ wọn, ó kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ní títò, báàgì, bàtà, ìpékeré, ó tẹrí ba. Abọ́sẹ̀dé rí òógùn tó ń ṣàn ní iwájú orí rẹ̀. Ó na ìka kan, ó fi kan ẹ̀yìn ọwọ́ bàbá náà. Ó gbóná.

Ojú tì í, ó bá kúkú kúnlẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ ìkíni rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìgbà tó parí, kò lè dìde mọ́, bàbá náà ló fà á sókè. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún dáadáa. Ó fi ọwọ́ kan àyà ara rẹ̀, ó ní, "Mórítà."

Inú Sàídátù dùn fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀. "A dúpẹ́," ó ní. "Ọjà á tún tà sí i."

Abọ́sẹ̀dé ló ṣàlàyé fún un pé bàbá náà kò sọ pé òun rí tà, pé ó jọ pé orúkọ rẹ̀ nìyẹn.

Fóònù Sàídátù ní ohun tó ń túmọ̀ èdè, wọ́n sì gbé e sí ẹnu bàbá náà. Ó sọ̀rọ̀ sí i fún ìgbà pípẹ́, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Fóònù náà ronú, ó wá sọ lédè Òyìnbó pé, ẹ má bínú pé mo wà láàyè.

Bàbá Mórítà mú wọn lọ sí ilé tíì kan tó wà nídìí afárá, obìnrin tó ni ibẹ̀ sì gbé tíì aláwọ̀ ewé fún wọn. Bàbá náà ṣí ìpékeré, ó jẹ ẹyọ kan, ó dúró, ó jẹ ẹyọ mìíràn, ó sì fa ọ̀rá náà sún mọ́ ara rẹ̀ díẹ̀. Díẹ̀díẹ̀, láti ẹnu fóònù, ọ̀rọ̀ abúlé náà yé wọn. Nígbà kan rí, èèyàn kún ibẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ lọ sí ìlú ńlá láti wáṣẹ́, wọn ò padà. Àwọn àgbà ń kú. Àwọn díẹ̀ tó kù ò lè fara da kí wọ́n máa wo oko tó ṣófo àti bẹ́ǹṣì tó ṣófo, ni wọ́n bá kó aṣọ àtijọ́ jọ nígbà òtútù kan, wọ́n fi rán ọmọláńgidi àwọn tó ti lọ, wọ́n sì dá kálukú padà sí àyè rẹ̀. Obìnrin tó wà lórí bẹ́ǹṣì ni ìyàwó Bàbá Mórítà. Ọkùnrin náà ni ọ̀rẹ́ rẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló jọ máa ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sọ́jà tẹ́lẹ̀. Ó ṣì ń lọ bá wọn jókòó láràárọ̀, oorun a sì máa gbé e lọ. Ó ní ó ti pẹ́ gan-an tí ẹnikẹ́ni ti kí àwọn níbẹ̀. Lójú oorun, òun gbọ́ ohùn obìnrin kan tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀ láìdúró, òun sì rò pé ìyàwó òun ni.

Abọ́sẹ̀dé yí ife tíì rẹ̀ po. Lẹ́yìn náà, ó ní kí Sàídátù bá òun bi í bóyá ìyàwó rẹ̀ kò ní bínú pé òun kí i tán, òun sì sá fún un.

Fóònù túmọ̀ rẹ̀. Bàbá Mórítà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní bó bá jẹ́ ìyàwó òun ni, yóò ti sá ṣáájú wọn, nítorí pé ojo ni, kì í tilẹ̀ gun afárá náà àfi tí òun bá gbé e pọ̀n.

Obìnrin tó ni ilé tíì ti fi fóònù pe iléèwé. Kò sí ìdí láti béèrè púpọ̀; bí obìnrin aláwọ̀ dúdú méjì bá wọ àǹkárá sáré lórí afárá ìtàkùn ní àárín ọ̀sẹ̀, ọ̀dọ̀ tíṣà kan ṣoṣo ni wọ́n ti lè wá. Kò pẹ́ tí ọkọ̀ kan fi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Abọ́sẹ̀dé gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀, ó múra sílẹ̀ fún ìjà.

Ṣùgbọ́n Fẹ́rànmí kò kọ́kọ́ wo apá ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó bọ́ bàtà, ó tò ó sí ẹ̀gbẹ́. Ó rìn lọ síwájú Bàbá Mórítà, ó kúnlẹ̀ lórí ẹní, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀, ó tẹrí ba títí iwájú orí rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Ohùn tó fi ń sọ̀rọ̀ rọra, ó ń fa ọ̀rọ̀ náà gùn, kò wo bàbá náà lójú. Kò sì gbórí sókè títí bàbá náà fi dá a lóhùn.

Sàídátù sún mọ́ Abọ́sẹ̀dé. "Ṣé ọmọ yín nìyí?" ó rọra béèrè.

Fẹ́rànmí dìde, ó yíjú sí wọn. "Mọ́mì, kí ló ṣe ẹ́? Ṣebí mo ní kó o má jáde. O ò rí i pé o lè ṣubú?"

Sàídátù ló béèrè bóyá "ẹ" wà nínú èdè Japan. Fẹ́rànmí ní ó wà, ó ju ẹyọ kan lọ. Wọ́n ní ti àgbà, wọ́n ní ti oníbàárà, wọ́n ní òmíràn tó jẹ́ pé ara ẹni lèèyàn yóò rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹni kejì lè ga. Ó ń ka gbogbo rẹ̀ bí ẹni tó ń ka oríṣi ẹja. Lójú Abọ́sẹ̀dé, ó dà bíi pé wọ́n ń fi ata pa á lójú.

Iléèwé ti gba Fẹ́rànmí láyè títí di ọjọ́ kejì, nítorí náà ó ní níwọ̀n bí wọ́n ti dé ibí, kí wọ́n kúkú wọ ọkọ̀ ojú omi kí wọ́n rí odò náà dáadáa. Wọ́n dágbére fún Bàbá Mórítà, tó kó ìyókù ìpékeré sápò. Ọkọ̀ náà tẹ́ pẹrẹsẹ, bàbá kan dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó ń fi ọ̀pá gígùn tì í. Inú àpáta tutù. Oòrùn kò débẹ̀ àfi ní ẹ̀là tẹ́ẹ́rẹ́ lókè, omi sì mọ́ débi pé wọ́n ń rí ẹja àti òjìji rẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Sàídátù ti fi ọwọ́ sínú omi. Abọ́sẹ̀dé kò wo odò.

"O mọ̀ ọ́n ṣe, nígbà náà," ó sọ fún ọmọ rẹ̀.

"Kí ni?"

"Ìkúnlẹ̀. Ìkíni. Fún bàbá yẹn."

Fẹ́rànmí ní nígbà tí òun dé, gbogbo rẹ̀ ni òun ń ṣì sọ, pé òun sọ̀rọ̀ sí ọ̀gá iléèwé nígbà kan bí ẹni ń bá ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi sọ̀rọ̀. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ẹ̀rín, wọ́n tún un sọ fún un bó ṣe yẹ kó rí, wọ́n sì ní kó tún un sọ.

"Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n rẹ́rìn-ín náà," ó ní. "Nítorí Wòlíì. Ìwọ sì fà mí létí. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò sọ nǹkan tí mo ṣe fún mi, Mọ́mì. Mo rò pé torí mo béèrè oúnjẹ ni."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Abọ́sẹ̀dé lára. Ó rántí etí kékeré náà láàárín ìka òun, ó rántí bí ọmọ náà ṣe ń sunkún pé òun ò jí nǹkan jẹ. "Mo rò pé ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ni," ó ní nígbà tó yá. "Mo rò pé ẹni tó bá ti jẹ́ Yorùbá á kàn mọ̀ ọ́n."

"Kò sí nínú ẹ̀jẹ̀ tèmi."

Wọ́n kọjá lábẹ́ ìṣàn omi kan tó ń já bọ́ láti orí àpáta. Lẹ́yìn náà, Sàídátù, tí kì í fẹ́ràn kí àwọn èèyàn máa banú jẹ́ lórí ohun tí wọ́n ti sanwó rẹ̀, nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ, ó jókòó dáadáa bí ayaba. "Ó yá," ó sọ fún Fẹ́rànmí. "Kí mi."

Fẹ́rànmí wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ mi orí pé kó kí i. Ó kí Sàídátù: ẹ kú ọ̀sán, Àǹtí, ṣé ẹ ti jẹun? Sàídátù ní òun ti jẹun, òun dúpẹ́. Ó ní kó bi òun léèrè ọjà. Ó béèrè, ó fi "ẹ" kan sílẹ̀, Abọ́sẹ̀dé sì tún un sọ fún un láìgbé ohùn sókè. Ó tún un sọ. Bó ṣe di pé ó ń dùn mọ́ ọn lẹ́nu nìyẹn, kò sì mọ ibi tó yẹ kó dá dúró. Ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn kan dúró lórí òkúta, Fẹ́rànmí nawọ́ sí i, ó ní, "Mọ́mì, ẹ wò ó, wọ́n ń jẹ ẹja, wọ́n ti gbé e mì." Sàídátù rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ fi ń fì, atukọ̀ sì fi ọwọ́ bẹ̀ ẹ́ pé kó jókòó jẹ́jẹ́. Abọ́sẹ̀dé náà rẹ́rìn-ín, ó fi etí gèlè nu ojú, ó wá ṣàlàyé pé a kì í bọ̀wọ̀ fún ẹyẹ.

Kí wọ́n tó padà sí London, Abọ́sẹ̀dé kò sọ̀rọ̀ nípa mímú ọmọ wálé mọ́. Ó ti rí i pé bí Fẹ́rànmí bá ń kọjá, àwọn àgbà tó kù lójú ọ̀nà ń dúró kí i, wọ́n ń béèrè oorun rẹ̀. Kò sọ pé òun gbà, kò sì sọ pé òun kò gbà. Ó kàn ní kó máa pe òun dáadáa.

Ní Kérésìmesì, Fẹ́rànmí wá kí wọn. Gbénró ló lọ pàdé rẹ̀ ní Heathrow. Bí ó ṣe rí bàbá rẹ̀, ó gbé àpótí sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ láàárín èrò, ó ní, "Ẹ káàsán, Dádì. Ẹ kú ilé. Ṣé ara yín le?" Gbénró bojú wẹ̀yìn láti wo ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Nígbà tí kò rí ẹnì kankan, ó gbé àpótí náà, wọ́n sì wọ rélùwéè lọ sí Woolwich. Bí wọ́n ṣe wọlé, ó fa ìyàwó rẹ̀ lọ sí kíṣìnnì, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì rọra béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé kí ni òun ṣe tí ọmọ náà fi ń bínú sí òun.